Ìyá Thêu Ń Wá Ojú Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ní abúlé wa létí ìdènà odò, òkìtì gíga tí wọ́n mọ dí omi, bí o bá fi ìka tẹ wàrà sóyà Ìyá Thêu láti wò ó bóyá ó le, o ti rà á nìyẹn. Kò ní bá ọ jiyàn. Yóò kàn fi ewé wé e, yóò nà án sí ọ, yóò sì máa wò ọ́ títí o fi máa tọwọ́ bọ àpò. Àgbà ọkùnrin méjì wà lábúlé wa tí wọ́n máa ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà kí wọ́n má baà pàdé rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìka àwọn kì í gbọ́ràn. Thêu lorúkọ òun fúnra rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni, ó kúrú, ó gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti ìyàwó tuntun lọ. Láti ọmọ ọdún méje ló ti wà nídìí iṣẹ́ wàrà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Hà Nội, olú ìlú wa, wọ́n ní kó wá máa bá àwọn gbé, ó ní bí òun bá wá, ta ni yóò máa fún Lẫm lóúnjẹ?

Lẫm ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó lọ bá àwọn Faransé jà, Thêu sì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Kò padà wá. Ohun tó padà wá ni ìwé pélébé kan tó sọ pé ó kú níhà ìwọ̀-oòrùn. Ìwé náà kò sọ ọjọ́, kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Nítorí náà, ọjọ́ tó kúrò nílé ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí ikú rẹ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, bí ọ̀pọ̀ ilé lábúlé wa ṣe ń ṣe fún tiwọn. Ìyá wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìyá lọ, ó bọ́ sọ́wọ́ Thêu. Lọ́dọọdún ni Lẫm ń gba adìẹ sísè, ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ àti wàrà díndín lórí pẹpẹ yẹn, wọn kò sì gbàgbé iyọ̀ rí.

Ohun kan ṣoṣo ni pẹpẹ náà kò ní, ìyẹn ojú Lẫm. Fọ́tò baba wà níbẹ̀, ti ìyá wà níbẹ̀, ti ọkọ Thêu náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú táì tí oní-fọ́tò yá a. Ní ti Lẫm, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń dúpẹ́ ni wọ́n fi sínú férémù, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà láàárín. Nígbà tí Lẫm wà láyé, kò sẹ́ni tó ní kámẹ́rà lábúlé wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú òun ṣe rí, odò ni yóò lọ wò.

Thêu kò ka èyí sí nǹkan kan, nítorí ó gbà pé ojú náà wà nínú orí òun. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó ku oṣù kan kí ọjọ́ ìrántí pé. Ó tan tùràrí, ó dijú láti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe máa ń kí i, ó sì rí i pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó tún dijú. Ó rí ẹsẹ̀ Lẫm, ó rí ọwọ́ rẹ̀. Ojú kò yọ. Ó ń la ojú, ó ń dì í, bí ẹni tó ń tan tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ti kú.

Ẹ̀rù bà á. Obìnrin tí ajá gbogbo abúlé ń yà fún lọ́nà, ẹ̀rù bà á débi pé wàrà ọjọ́ náà jóná mọ́ ìkòkò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pẹpẹ ló ń dà á láàmú. Ohun tó ń rò ni pé òun náà ti ń dàgbà lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò kọjá sí ọ̀hún, èrò á sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí ogun ti kó èèyàn lọ síbẹ̀ bí ẹní kó ìrẹsì. Báwo lòun ṣe máa dá Lẫm mọ̀ láàárín wọn? Lẫm náà kò lè dá òun mọ̀. Ọmọdébìnrin onírun gígùn ló fi sílẹ̀. Arúgbó eléyín mẹ́fà ni yóò yọ sí i. Bí òun kò bá mọ̀ ọ́n, àwọn yóò kàn kọjá lára ara wọn ni, yóò sì parí síbẹ̀.

Ó lọ sọ ọ́ fún Đoán, àbúrò rẹ̀, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé wọn. Đoán jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, òun sì ni irú ẹni tó máa ń sọ fún ọ bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Lọ́jọ́ ìrántí Lẫm, òun ló máa ń pìtàn. Lọ́dún kan, Lẫm fi ọ̀pá ìgbẹ́rù, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, pa Faransé mẹ́ta. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti di méje. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn gun ẹṣin.

"Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n," ni Đoán wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá Bảng ayàwòrán. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, ó ń fún òkú lójú."

Òótọ́ ni. Bảng wà nílùú ọjà, èédú ló fi ń yàwòrán. Tí òkú yín kò bá ní fọ́tò, ẹ ó kó àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀, yóò mú imú lára ẹni yìí, yóò mú àgbọ̀n lára ẹni tọ̀hún, yóò bi yín ní ìbéèrè títí yóò fi sú yín, ẹ ó sì gbé èèyàn yín lọ sílé nínú férémù. Ó ní ìwé kan tó ya ogójì imú sí, kí ẹ lè fọwọ́ tọ́ka sí èyí tó jọ ti ẹni yín.

"Ìyá, imú rẹ̀ ńkọ́?" ni Bảng bi Thêu lọ́jọ́ tí wọ́n débẹ̀. "Ó ga ni, àbí ó tẹ́?"

Kí Thêu tó lanu, Đoán ti dáhùn. "Ó ga! Imú akọni ni. Ojú rẹ̀ mú bíi ti àṣá. Àgbọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Àpótí ni!"

Bảng wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀. "Bàbá, ọmọ ọdún mélòó lẹ jẹ́ nígbà tó lọ?"

"Mẹ́rin. Ṣùgbọ́n mo tètè gbọ́n."

"Panu ẹ dé, Đoán," ni Thêu wí. "Ọdún yẹn náà lo jẹ ọṣẹ, tó o ní wàrà ni."

Bảng yíjú sí i. "Ẹ̀yin gan-an ńkọ́, Ìyá? Ẹ sọ fún mi."

Thêu fa ìwé náà mọ́ra. Ó wo ogójì imú inú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn dà bíi pé wọ́n lè jẹ́ ti Lẫm, kò sì sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ojú tì í. Ó ní òun mọ ẹnì kan tó lè mọ̀.

Ẹni náà ni Nụ. Kí ogun tó dé, àwọn òbí ti fi Nụ fún Lẫm, ó ku ìgbéyàwó. Ó dúró dè é fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ìwé pélébé yẹn dé, kó tó wá fẹ́ Hoè tó ń da pẹ́pẹ́yẹ. Nụ ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin báyìí, ṣùgbọ́n Hoè ṣì ń jowú òkú. Kò pa á mọ́, gbogbo abúlé ló mọ̀. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kejìlá oṣù kejì bá ti pé, inú a máa run Hoè, inú náà kì í sì í sinmi títí Nụ yóò fi ní òun kò lọ síbi kankan mọ́.

Nítorí náà, Nụ dọ́gbọ́n sí i. Ó ní òun ń lọ ra wàrà. Bảng ti gbé èédú rẹ̀ wá sílé Thêu, Nụ jókòó lórí ẹní, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ọ̀rọ̀ náà ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń kàwé.

"Irun ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé láàárín. Ojú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu tó rẹ́rìn-ín. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Rárá, nípọn sí i. Àgbọ̀n rẹ̀ jin kòtò díẹ̀ láàárín, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ̀ ẹ́."

"Ẹni tó fi ìka tẹ̀ ẹ́ ló rà á," ni Đoán wí.

Ọ̀sán mẹ́ta gbáko ni Nụ fi ra wàrà. Nígbà tó di ọ̀sán kẹta, àwòrán ti parí: ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ́ra, tó dé fìlà sójà, tó ń wò yín bíi pé ẹ ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan tó mọ ìdáhùn rẹ̀. Inú Thêu dùn débi pé ó sunkún. "Mo mọ̀ ọ́n," ló ń wí. "Mo mọ ojú yìí! Mi ò lè ṣì í." Lóòótọ́, kò lè ṣì í. Ó sáré pa adìẹ, ó se ìrẹsì, wọ́n gbé àwòrán náà sórí pẹpẹ láti fi kí i káàbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ ìrántí pé. Wọ́n tan tùràrí. Đoán ti ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹlẹ́ṣin.

Ìgbà náà ni Hoè wọlé.

"Mo ní kí n wá wo wàrà náà," ló wí lẹ́nu ọ̀nà. "Wàrà tó ń gba ọ̀sán mẹ́ta láti rà, ó yẹ kí n fojú ara mi rí—"

Ó rí pẹpẹ. Ó rí adìẹ. Ó rí tùràrí tó ń rú èéfín. Ó rí ẹni tí wọ́n ń rú u sí. Ó ṣí fìlà, ó sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí.

"Nụ," ló wí wẹ́rẹ́, "ìgbà wo ni mo kú?"

Thêu wo àwòrán, ó wo Hoè. Đoán wo Hoè, ó wo àwòrán. Bảng bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú, nǹkan kan kò yí padà. Ẹ yọ àádọ́ta ọdún kúrò lára Hoè, ẹ dá irun àti eyín rẹ̀ padà, ẹ nù ún mọ́ kúrò nínú ẹrẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, òun gan-an ló dé fìlà sójà lórí pẹpẹ yẹn. Àti àgbọ̀n tó jin kòtò láàárín, àti ètè tó nípọn, kò yẹ̀.

"Ẹ ń ṣòkú mi, ẹ ò sọ fún mi!" ni Hoè figbe ta. "Ẹ tún sọ mí di sójà! Èmi tí wọ́n kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ!"

Ọ̀rọ̀ ńlá ni lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá gbé ojú alààyè sórí pẹpẹ, tó tan tùràrí sí i, ikú ló ń ránṣẹ́ pè. Đoán sáré wọ ilé ìdáná lọ bu iyọ̀ àti ìrẹsì tútù tí wọ́n fi ń lé irú ewu bẹ́ẹ̀, ó sáré jáde, ó dà á, ìdajì rẹ̀ bọ́ sí Hoè lójú. Hoè ní ẹ wò ó, ikú ti dé, òun ò ríran mọ́.

Nụ fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí. "Ẹ̀yin náà ẹ má bínú, Thêu. Mo dijú, mo ní kí Lẫm wá. Ojú tó wá nìyẹn. Kí ni kí n ṣe? Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń jí bá ojú kan náà lórí ẹní. Ó ti bo gbogbo ojú yòókù mọ́lẹ̀."

Hoè ń nu iyọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó ti dẹ ọwọ́.

"Dúró ná," ló wí. "Ṣé pé tó o bá ń ro Lẫm, èmi lò ń rí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Látìgbà wo?"

"Ta ló mọ ìgbà?"

Hoè na ara rẹ̀ ró. Kò sẹ́ni tó rí i tó nàró bẹ́ẹ̀ láti ọdún tí pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ gba ẹ̀bùn lágbègbè. Ó fa ẹní, ó jókòó síwájú pẹpẹ. "Tùràrí yẹn, ó ti jó tán àbí kò tíì jó tán?"

"Ó ti jó tán," ni Đoán wí, nítorí lọ́dọ̀ wa, kí tùràrí tó jó tán, alààyè kì í fọwọ́ kan oúnjẹ òkú.

"Ẹ gbé adìẹ mi wá nígbà náà. Èmi lẹ gbé e fún, ẹ má jiyàn." Ó sì jẹ ẹ́, àtitan àtorí, ó tún bèèrè iyọ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé àwòrán náà sábẹ́ apá, ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun yóò tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí òun bá kú lóòótọ́, nítorí òun kò ní dára tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Gbogbo wọn lọ. Ó ku Thêu àti Bảng tó ń kó èédú rẹ̀ jọ láìsọ̀rọ̀. Thêu jókòó síwájú àwo òfìfo. Àyè ojú Lẫm ṣófo lórí pẹpẹ, ó sì ti wá mọ̀ báyìí pé kò sẹ́ni kankan láyé tó lè bá òun dí i. Ìbànújẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára gan-an.

"Ìyá," ni Bảng wí níkẹyìn, "ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń bi àwọn èèyàn bí ojú ẹni wọn ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè mìíràn. Bí ẹ bá dijú, kí lẹ ń rí?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀," ni Thêu wí.

"Ẹ̀yìn kẹ̀?"

"Ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀. O mọ ojú ọ̀nà oko ìrẹsì, kì í gba èèyàn méjì. Òun ló máa ń wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìgbẹ́rù àti wàrà, èmi á wà lẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n ewé. Àràárọ̀ ni, fún ọdún márùn-ún. Kí n tó lè rìn dé ọjà, òun ló ń pọ̀n mí. Mo rí ojú rẹ̀ o, Bảng. Mo rí i! Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé."

Bảng tún jókòó. Ó mú bébà tuntun. "Ẹ máa sọ," ló wí.

Ó wá sọ bí ẹni tí wọ́n ṣí ìdènà odò fún. Ibi tí irun ti ń pòòyì láàárín orí, ẹyọ kan ni kálukú ní, méjì ni Lẫm ní, ó sì lágídí bí àwọn oní-méjì ṣe máa ń lágídí. Ìyá wọn máa ń fi ọ̀bẹ wàrà gé irun rẹ̀, nítorí náà ìdí irun náà wọ́ lápá òsì. Kókó líle kan wà léjìká ọ̀tún rẹ̀, níbi tí ọ̀pá ìgbẹ́rù ti ń jókòó. Etí rẹ̀ méjèèjì ta síta bí ìdìmú ìkòkò. "Rárá," ló ń wí, ó ń lu Bảng lọ́wọ́, "etí yẹn jìnnà sórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tún gbé e síta! Ṣé o ò rí ìkòkò rí ni?" Bảng kò tíì ní oníbàárà tó mọ ohun tó fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí imú nínú àwòrán náà, kò sí ojú, kò sí ètè, gbogbo ìwé ogójì imú kò wúlò. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Thêu wo bébà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e.

Ohun kan wà tí kò sọ fún Bảng, nítorí èédú kò lè ya ohun tó ń mira. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ tí Lẫm ń lọ, ìyá wọn ń din wàrà fún àwọn tó wá kí i. Lẫm jí ẹyọ ńlá kan nínú epo gbígbóná, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà. Thêu tẹ̀ lé e dé ẹsẹ̀ ìdènà odò. "Ẹ̀gbọ́n, ó dàbọ̀ o!" Lẫm kò dáhùn, wàrà gbígbóná kún ẹnu rẹ̀. Kò yíjú padà, nítorí ìyá dúró lókèèrè tó ń wò ó, yóò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú. Ọwọ́ ló kàn jù sókè. Etí rẹ̀ méjèèjì ń lọ sókè, wọ́n ń wá sílẹ̀, bó ṣe ń jẹun lọ lórí ìdènà odò, títí Thêu kò fi rí wọn mọ́. Akọni tí ìjọba ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú férémù, wàrà olè ló fi dágbére. Thêu kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ kí ó jẹ́ ti òun nìkan.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, ilé kún. Hoè pàápàá wá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, inú kò run ún. Òun ló kọ́kọ́ rí pẹpẹ.

"Kí la ṣe fún un?" ló bèèrè. "Ṣé ó ń bínú sí wa ni?"

Ariwo sọ. Wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Òkú tó kẹ̀yìn sí oúnjẹ tirẹ̀! Arákùnrin kan láti ìlà ìyá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣé ìpàkọ́ làwọn yóò wá máa bá sọ̀rọ̀? Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gbé adìẹ sí ẹ̀yìn férémù, níbi tí ẹnu rẹ̀ wà. Hoè gbé ìka sókè.

"Ẹ fara balẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí wa, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ yí férémù náà padà. Tó bá ti kẹ̀yìn sí ògiri, ojú rẹ̀ ò ní wá kọ sí wa?"

Ọ̀rọ̀ náà dún bí ọgbọ́n. Wọ́n yí i padà. Gbogbo wọn sì dúró, wọ́n ń wo páálí pupa rúsúrúsú kan pẹ̀lú ìṣó méjì.

"Mi ò tíì rí i," ni Hoè wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

"Ẹ dá a padà jàre!" ni Nụ wí. Thêu yíjú sí i kíákíá.

"Ẹ̀gbọ́n Nụ, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé òun kọ́ nìyí?"

Nụ wò ó títí, ó mirí. "Mi ò mọ̀, Thêu. Ọkùnrin tó ń wá mi wá sílé, ṣé ẹ̀yìn ni yóò kọ sí mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Thêu kò rẹ́rìn-ín. Ìrẹ̀wẹ̀sì bá a. Bí kò bá sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n, ta ló ní kì í ṣe òun ló fi orí ara rẹ̀ dá a? Bí Nụ ṣe ya Hoè, bóyá òun náà ti ya ẹlòmíràn, ẹnì kan tó ń ru ẹrù níwájú òun lọ́nà ọjà lánàá.

Ó wá ṣàkíyèsí pé Đoán kò tíì sọ̀rọ̀. Látìgbà tó ti wọlé, kò pa Faransé kankan. Ó dúró síwájú pẹpẹ, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ férémù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ẹni tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

"Mo máa ń dì wọ́n mú," ló wí.

"Kí lo máa ń dì mú?"

"Etí rẹ̀. Tó bá pọ̀n mí lọ sódò. Mo máa ń fi dá a lọ́nà, mo bá fa tọ̀tún, ó yà sọ́tùn-ún." Ohùn rẹ̀ kéré, kò jọ ohùn Đoán. "Tó bá ń jẹ nǹkan, mi kì í rí wọn dì mú dáadáa. Wọ́n á máa mira mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n á lọ sókè, wọ́n á wá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé mo máa ń purọ́. Mi ò purọ́ tèyí o."

Thêu di orí àga mú. Ayọ̀ tó bá a ju ohun tí ara rẹ̀ lè gbà lọ. "Mo mọ̀ pé o ò purọ́," ló wí.

Tùràrí jó tán. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, Thêu lọ síbi pẹpẹ, ó mú ẹyọ wàrà díndín tó tóbi jù, ó kì í bọ Đoán lẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú.

"Kẹ̀yìn sí mi," ló wí. "Jẹ ẹ́."

Đoán yí padà. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún tí Đoán ti ń kọjú sí i tó ń rojọ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ni Thêu ń wò, kí ó lè mọ ìgbà tí òun máa pa á dé. Kò dúró sẹ́yìn rẹ̀ rí nígbà tó ń jẹun. Etí náà ta síta bíi ti Lẫm, wọ́n ti gbó, irun funfun ti hù nínú wọn. Àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, wọ́n ń wá sílẹ̀.

Đoán fẹ́ yíjú, ó fẹ́ bèèrè ohun tó ṣe tí ẹ̀gbọ́n òun ń rẹ́rìn-ín tó tún ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà.

"Má yíjú," ni Ìyá Thêu wí. "Máa jẹun ẹ lọ."